Ìwé-ẹ̀rí fún ẹni tí ń tọ́jú ẹni tí ń kú lọ àti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀

Agbẹ̀bí Kétu:
Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Agbẹ̀bí ni mí ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Bí ọmọ tuntun bá kú, àwọn ẹbí á wọlé, wọ́n á ní kí ìyá rẹ̀ má sunkún mọ́, pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ìyá náà á dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ kẹta, omi ọmú á máa ro títí yóò fi rin aṣọ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bi í léèrè nípa rẹ̀. Mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìtùnú yìí dójú àmì. Mo gbọ́ pé ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí lórí ikú àti ọ̀fọ̀. Ṣé kí n náwó sí i ni, àbí ọ̀nà tó sún mọ́ wa wà?

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí. Association for Death Education and Counseling ni ẹgbẹ́ náà, ADEC ni wọ́n ń pè é, ọdún 1976 ni wọ́n sì dá a sílẹ̀. Ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ àkọ́kọ́ ni CT (Certified in Thanatology, ìyẹn ìmọ̀ nípa ikú àti ọ̀fọ̀), FT (Fellow in Thanatology) ló ga jù ú lọ. Wọ́n ń béèrè ìwé yunifásítì àti ìrírí lẹ́nu iṣẹ́ kí ènìyàn tó ṣe ìdánwò, ìdánwò náà sì kan ìpinnu ẹni tí ń kú lọ, ìbànújẹ́ àti àṣà ọ̀fọ̀, àti ikú òjijì. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ ni ìwé yìí ń jẹ́rìí sí, kì í ṣe àṣẹ láti tọ́jú aláìsàn. Ìwé agbẹ̀bí yín ló ń fún yín ní àṣẹ yẹn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ Faransé ni a fi kàwé níhìn-ín.

Bàbá Ṣábẹ̀ẹ́:
Ọmọ mi, Kàm̀pálà, olú-ìlú Uganda, ni kí o kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Hospice Africa Uganda, tí dókítà Anne Merriman dá sílẹ̀ ní 1993, ti fi èdè Faransé kọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì láti ilẹ̀ bíi tiwa ní ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn kò ní gbóògùn mọ́, àti bí a ṣe ń fi mọ́fínì olómi pa ìrora. Òótọ́ ni pé àwọn alárùn jẹjẹrẹ àti ti éèdì ni iṣẹ́ wọn dá lé jù, kì í ṣe ìyá tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́. Síbẹ̀, bí a ṣe ń jókòó ti ẹni tí ń jìyà, tí a sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ parí, wọ́n ń kọ́ni dáadáa.

Má bá àwọn ẹbí jà nítorí òwe yẹn, ìpẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Bí wọ́n bá ti jáde, bi ìyá náà bóyá ó fẹ́ rí ọmọ rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ, nítorí àṣà wa kì í jẹ́ kí òbí dé sàréè ọmọ. Kí o sì sọ̀rọ̀ omi ọmú fún un kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro.

Agbẹ̀bí Kétu:
Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo máa ń ní kí wọ́n wọ kọ́mú tó gbé ọmú dúró dáadáa, kí wọ́n fi aṣọ tútù lé ọmú náà, kí wọ́n sì fún díẹ̀ jáde bí ó bá le jù, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n ń lọ sílé ni mo ń sọ ọ́. Èmi yóò máa sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní. Mo ń kọ̀wé sí Kàm̀pálà; bí ADEC yóò bá tẹ̀ lé e, ó di ẹ̀yìn èyí.