Orúkọ inú ìwé ilẹ̀ mi yàtọ̀ sí ti ìwé ìrìnnà mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùbéèrè: Mo kí gbogbo ilé o. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Mo fẹ́ ta ilẹ̀ kan, ẹni tí yóò rà á sì ti ṣetán, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò rẹ̀ fàáké kọ́rí pé orúkọ inú ìwé ilẹ̀ kò bá ti ìwé ìrìnnà mi mu. Bó ṣe bá mi sọ̀rọ̀ ló dùn mí jù, ó ń wádìí mi bí olè lójú ọmọ tí mo bí. Lẹ́yìn tí mo ra ilẹ̀ náà ni mo ṣègbéyàwó, orúkọ ọkọ mi ni mo sì ń jẹ́ ní bánkì àti níbi iṣẹ́. Àwọn ẹbí ọkọ mi ló ní dandan ni kí n yí i padà; wọ́n dà báyìí? Ṣé tí mo bá lọ búra ní kóòtù pé èmi ni mo ni orúkọ méjèèjì, kò tíì tó ni?

Ìyá Ìbejì: Ìdí nìyí tí èmi ò fi yí tèmi padà. Nígbà tí mo ṣègbéyàwó, wọ́n bínú sí mi títí, mo ní kí wọ́n máa bínú lọ. Ìwọ náà ìbá ti ronú kan ìwé ilẹ̀ rẹ kí o tó yí orúkọ. Mú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó lọ fún un.

Agbẹjọ́rò: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a wí. Orúkọ ni wọ́n sábà máa ń fi wá ọ̀rọ̀ nínú àkọsílẹ̀ ilẹ̀, nítorí náà ẹni tí ìwé sọ pé ó rà á nígbà náà gbọ́dọ̀ hàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń tà á lónìí. Bí orúkọ ọkọ nìkan bá wà nínú ìwé títà, ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́la yóò rí ilẹ̀ tí ẹni tí kò rà á tà. Orúkọ méjèèjì ni kí wọ́n kọ síbẹ̀, ti ìsinsìnyí àti èyí tí ẹ ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ohun tí ẹ sọ nípa ara yín ni ìwé ìbúra jẹ́, ìwé ìgbéyàwó ló ń fi ibi tí orúkọ kejì ti wá hàn. Àmọ́, báwo gan-an ni wọ́n ṣe kọ orúkọ yín sínú ìwé ilẹ̀ náà?

Olùbéèrè: Ìwé ìgbéyàwó wà lọ́wọ́ mi. N kò rí ìdí tí n óo fi máa san owó agbẹjọ́rò míràn nítorí ilẹ̀ ara mi.

Arìnrìnàjò: Ẹ̀yin agbẹjọ́rò ẹ máa ń sọ ọ̀rọ̀ di ńlá. «Ṣ» ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ tèmi, ṣùgbọ́n ìlà méjì tí ẹ̀rọ máa ń kà nínú ìwé ìrìnnà kò gbà ju A dé Z lọ fún orúkọ, kò sí àmì ohùn, kò sí àmì ìsàlẹ̀. Orúkọ tó bá gùn ju àyè 39 lọ, wọn a gé e. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó sọ pé èmi kọ́.

Agbẹjọ́rò: Àmì tó sọnù kò sọ orúkọ kan di òmíràn. Ti obìnrin yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tún bi yín, mà: báwo ni wọ́n ṣe kọ ọ́?

Olùbéèrè: Lẹ́tà kan péré ni, «F», lẹ́yìn náà orúkọ bàbá wa. Bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ nígbà yẹn nìyẹn. Mo mọ̀ pé «F» náà ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, òun náà sì dá díẹ̀ sí owó náà, ṣùgbọ́n èmi ni mo fọwọ́ síwèé.

Ìyá Ìbejì: Háà! Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an lo fi pamọ́ láti òwúrọ̀.

Agbẹjọ́rò: Ìwé ìgbéyàwó kò lè yanjú èyí, nítorí kò lè sọ ta ni «F». Ẹ má tíì búra kankan. Ẹ̀sùn ọ̀daràn ni ìbúra èké. Ẹ wá rìsíìtì owó náà àti ojú ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá gbà pé ẹ̀yin lẹ ni ín, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí. Bí ó bá ní òun ní ìpín, ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ jọ tà á.

Olùbéèrè: Mo ti pè é. Ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ rí ìwé náà, òun sì fẹ́ mọ iye tí mo fẹ́ tà á.