Ìmọ̀ràn lórí ọ̀nà tí fídíò yóò gbà dé orí áàpù ẹ̀kọ́ iṣẹ́ télọ̀

Àkànní Yábàá: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ áàpù kan fún ọ̀gá télọ̀ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí ó fẹ́ kí àwọn ọmọṣẹ́ tí wọ́n wà ní Mushin àti Agége máa wò ó bí ó ti ń gé aṣọ lọ́wọ́. Fóònù Android olówó pọ́ọ́kú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ní. Nínú HLS, DASH àti WebRTC, tí wọ́n jẹ́ ọ̀nà mẹ́ta tí a ń gbà fi fídíò ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èwo ni kí n mú?

Àṣàkẹ́ Sùúrùlérè: Bọ̀dá Àkànní, HLS ni mo fara mọ́. Láti ọdún 2009 ni Apple ti gbé e jáde. Ó máa ń gé fídíò sí wẹ́wẹ́, fóònù a sì máa béèrè ègé wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń béèrè ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ẹ kò nílò sáfà (kọ̀ǹpútà tí ń pín fídíò) àkànṣe. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì lọ sílẹ̀, yóò mú ègé tí ó fúyẹ́ dípò kí àwòrán dúró gbagidi. Ọ̀nà kan náà ni DASH ń gbà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Safari, áàpù tí iPhone fi ń ṣí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣí i fúnra rẹ̀.

Dátà ni kí ẹ fara balẹ̀ ṣírò. Fídíò tí ó ń lo kílóbíìtì 800 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan yóò jẹ 360 MB ní wákàtí kan. Èyí tí ó ń lo 2,500 yóò jẹ 1,125 MB, owó ọmọṣẹ́ ni yóò sì bá a lọ. Ẹ ṣe èyí tí ó ń lo 400 náà, ṣùgbọ́n ẹ fi ìlà ṣọ́ọ̀kì lórí aṣọ àǹkárá dán an wò: bí ojú kò bá rí ìlà náà mọ́, ẹ̀kọ́ ti bàjẹ́, bí ó ti wù kí dátà ṣẹ́ kù tó.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ Àǹtí Àṣàkẹ́, àmọ́ ìdádúró HLS pọ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá 6 ni Apple dámọ̀ràn fún ègé kan, ìlànà rẹ̀ sì ní kí fóònù máa fi ègé mẹ́ta wà lẹ́yìn ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, èyí tí ó jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 18. Kí ọmọṣẹ́ tó béèrè ìdí tí ọ̀gá fi fi ínǹṣì kan sílẹ̀ ní èjìká, sísọ́ọ̀sì ti kọjá ibẹ̀. WebRTC kì í sábà pẹ́ tó ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣùgbọ́n sáfà gbọ́dọ̀ máa bá olùwòran kọ̀ọ̀kan dúró, owó rẹ̀ sì ń ga bí èrò ti ń pọ̀.

Ìyá Táíwò, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà: H.264, ìlànà tí a fi ń fún fídíò pọ̀ kí ó lè fúyẹ́, ni kí ẹ lò, torí pé fóònù àtijọ́ pàápàá ń ṣí i. Ẹ sì bi ilé-iṣẹ́ tí yóò máa pín in bóyá ó ní ẹ̀rọ ní Èkó níbí, kí ègé kọ̀ọ̀kan má baà máa ti òkè òkun bọ̀.

Àkànní Yábàá: Ẹ ṣeun púpọ̀. Ọ̀gá ní títẹ̀ ni wọn yóò máa tẹ ìbéèrè ránṣẹ́, òun yóò sì dáhùn bí òun bá gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀.

Àṣàkẹ́ Sùúrùlérè: HLS tó, nígbà náà. Ẹ gé ègé sí ìṣẹ́jú-àáyá 2, ìdádúró yóò sún mọ́ 6, kí ẹ sì tọ́jú àwọn ègé náà sórí sáfà fún ẹni tí ó bá fẹ́ tún un wò lálẹ́.