Ife Àgbáyé rugby obìnrin 2025: eré wo lẹ kò lè gbàgbé?

Àdùkẹ́ Hull: Láti Sunderland ní 22 oṣù Kẹjọ títí dé Twickenham ní 27 oṣù Kẹsàn-án, orílẹ̀-èdè 16 ló du ife yìí, England ló gbé e lọ. Èwo nínú àwọn eré yẹn ló ṣì wà lọ́kàn yín? Àbájáde nìkan kọ́ o, ẹ sọ ohun tó fà á.

Bàbá Ìbejì: Àṣekágbá. Scrum. Ó parí.

Òpó Apá Òsì: Bàbá Ìbejì, ẹ là á yé wọn. Canada ló kọ́kọ́ gba try lọ́jọ́ náà, ìyẹn kí èèyàn gbé bọ́ọ̀lù kanlẹ̀ lẹ́yìn ìlà alátakò, Hogan-Rochester ní ìṣẹ́jú karùn-ún. Kò pẹ́ tí Kildunne ti England fi gba àárín wọn kọjá bí ẹni ń sá fún òjò. Ṣùgbọ́n scrum ló tú Canada fó. Èèyàn mẹ́jọ mẹ́jọ ló ń forí ko ara wọn níbẹ̀, tí wọ́n ń ti ara wọn nítorí bọ́ọ̀lù: mẹ́ta níwájú, méjì tì wọ́n lẹ́yìn, mẹ́ta yòókù parí rẹ̀. Ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀wù alátakò ni òpó apá òsì, ẹni tó wà lápá òsì nínú àwọn mẹ́ta iwájú, gbọ́dọ̀ dì mú. Tó bá di apá onítọ̀hún mú, tàbí tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ já wálẹ̀, scrum wó nìyẹn, rẹfirí sì fọn fèrè. Ẹni tó gba penalty lè gbá bọ́ọ̀lù síta, kó tún jẹ́ òun náà ni yóò jù ú wọlé ní lineout, níbi tí ẹgbẹ́ méjèèjì ti tò, tí wọ́n ń gbé èèyàn sókè láti hán an. Bí England ṣe ń sún mọ́ ìlà Canada nìyẹn. Maul, ìyẹn kí wọ́n dì mọ́ ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù kí wọ́n sì jọ máa tì síwájú, ló gbé Cokayne wọlé. 21-8 nígbà ìsinmi, 33-13 níkẹyìn.

Sísí Twickers: Maul yìí sú mi jọ̀ọ́. Èèyàn 81,885 kóra jọ láti wo ẹ̀yìn àwọn obìnrin tó dì mọ́ra bí ìdì igi.

Òpó Apá Òsì: Àǹtí, ẹ máa wo ibi tí bọ́ọ̀lù wà. Ẹni tó bá hán an lókè balẹ̀, á kọ ẹ̀yìn sí alátakò, àwọn méjì tó gbé e sókè á dì mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì, bọ́ọ̀lù á sì máa ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ títí dé ọ̀dọ̀ ẹni ìkẹyìn. Ẹ fà á lulẹ̀, penalty. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, penalty. Tí ẹ bá dúró dè é lókè, ẹ óò máa rìn sẹ́yìn ni.

Kọ́lá: Irọ́ ni pé kò sọ́gbọ́n sí i. Ẹ rántí àṣekágbá 2022 ní Eden Park. New Zealand 34, England 31, àkókò ti tán, England ní lineout létí ìlà. Ngan-Woo ti New Zealand fò sókè, ó já bọ́ọ̀lù gbà. Kò sí maul, kò sí ife. Kí ẹ dènà rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, kó tó balẹ̀.

Bàbá Ìbejì: Èèyàn 14 ni England láti ìṣẹ́jú 18 lọ́jọ́ yẹn. Káàdì pupa.

Kọ́lá: Ṣé káàdì pupa ló ju bọ́ọ̀lù ni?

Olùkọ́ Ìṣirò: Ẹ̀yin ń jà lórí maul, Amẹ́ríkà ti kó ẹrù wálé láìjẹ́ pé Australia lù wọ́n. 31-31 ni wọ́n ta ọ̀mì ní York.

Sísí Twickers: Haba. Báwo wá ni?

Olùkọ́ Ìṣirò: England, Australia, Amẹ́ríkà àti Samoa ló wà nínú ìsọ̀rí kan, méjì ló ń kọjá. Póìntì mẹ́rin fún ẹni tó bá borí, méjì fún ọ̀mì, èlé ọ̀kan fún try mẹ́rin sókè. Àwọn méjèèjì gba mẹ́ta ní York. Australia lu Samoa 73-0, márùn-ún. Amẹ́ríkà náà lù wọ́n 60-0, márùn-ún. Mẹ́jọ sí mẹ́jọ. Ó wá di ọ̀rọ̀ iye tí kálukú jẹ àti iye tí wọ́n jẹ ẹ́. Amẹ́ríkà ti gba 69-7 lọ́wọ́ England lọ́jọ́ kìíní, ìyẹn jẹ́ -62. Fi 60 kún un, ó ku -2. Australia wà ní +73 kí wọ́n tó kan England.

Àdùkẹ́ Hull: Iná pupa tó ń tàn lẹ́nu àwọn kan ńkọ́? Bí ẹni gbé fìtílà mì.

Kọ́lá: Ìbòyín ni. Ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀ tó ń wọn bí nǹkan ṣe gbá orí tó. Tó bá ti kọjá òdiwọ̀n, iná tàn, ẹni náà jáde fún àyẹ̀wò, ẹlòmíì dúró fún un ná.

Sísí Twickers: Olùkọ́, 74 wá ni England ní láti fi lu Australia?

Olùkọ́ Ìṣirò: 74 kò tó, -1 ni ti Australia á jẹ́, wọ́n ṣì wọlé. 76 ló máa yọ wọ́n. 40 ni England fi lù wọ́n, 47-7.

Bàbá Ìbejì: Ta ni yóò fi 76 lu Australia? Ẹ jọ̀ọ́.

Olùkọ́ Ìṣirò: England yẹn náà ló fi 89 lu Samoa lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, 92-3.

Bàbá Ìbejì: Samoa ni mo gbọ́ yẹn.

Sísí Twickers: Tó bá wá jẹ́ 75 gééré?