Èmi, màmá òyìnbó, àti EastEnders aago méje ààbọ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Láti àárọ̀ ni mo ti ń ka bẹ́ ẹ ṣe ń sọ ìrírí yín nípa àwọn eré tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kì í parí yìí, mo ní mi ò ní dá sí i, àfi ìgbà tẹ́nì kan sọ pé EastEnders ò ju ariwo ẹnu lọ. Ìyẹn ló mú mi kọ̀wé. Tèmi gùn díẹ̀, ẹ fara dà á.

Àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú nínú ilé wọn, ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù níbí, ṣífìtì ìrọ̀lẹ́. Ìṣẹ́jú 30 ni wọ́n ń fún wa fún ẹnì kan: kó o wọlé, kó o bọ́ aṣọ ọ̀sán, kó o wọ ti alẹ́, kó o fún wọn lóògùn, kó o po tíì, kó o kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé, kó o tún sáré wá bọ́ọ̀sì lọ sílé ẹlòmíì. Màmá òyìnbó kan wà tí mo máa ń bá ní aago méje ààbọ̀, Bethnal Green ni wọ́n bí wọn sí, wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ọdún kẹsàn-án rèé, mo kí wọn, wọn ò dáhùn, wọ́n kàn nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n. EastEnders ti bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú 30 lòun náà! Ẹ wá wo wàhálà, ìṣẹ́jú 30 tèmi àti tiẹ̀ forí gbárí, ta ló máa yẹ̀ fún ta? Èmi ni mo yẹ̀. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọṣọ alẹ́ fún èèyàn láìdí i lójú, màá gba ẹ̀yìn àga kọjá bí olè, màá lóṣòó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ wọn, orí mi ò gbọdọ̀ ga ju orúnkún wọn lọ. Ó di ìgbà tí ìlù ìparí yẹn bá dún, gbì-gbì-gbì-gbì, kí wọ́n tó wojú mi, kí wọ́n ní "o ti dé?" Ìlù yẹn gan-an, ẹ jọ̀ọ́, ó máa ń ṣe mí bíi pé onílù òde ìnáwó kan ló sáré wá síwájú mi, ó rí i pé mi ò ní náwó, ló bá gbé ìlù ẹ̀ kọ́rùn ó lọ.

Sóòpù ni wọ́n ń pe irú eré bẹ́ẹ̀. Ọṣẹ tí kì í fọ nǹkan kan mọ́, ìdọ̀tí ló ń pọ̀ sí i.

Màmá ti ń wò ó láti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, 19 Fẹ́búárì 1985. Wọ́n já ilẹ̀kùn bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Reg Cox lọ́jọ́ náà, wọ́n bá a lórí àga ẹ̀, ó ti ń kú lọ, kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú gbogbo àdúgbò. Màmá ní ìgbà yẹn làwọn ti gbà pé ẹni tó kọ eré yìí mọ ibi táwọn ti wá. Wọ́n ń gbá ọwọ́ àga tí wọ́n jókòó lé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni o. Mi ò mọ ohun tí màá sọ, mo lọ po tíì.

Èmi ní tèmi kọ́kọ́ rò pé ìlú gidi ni Walford, àdúgbò tí wọ́n ní eré náà ti ń ṣẹlẹ̀. Mo wá a lórí máàpù ọkọ̀ ojú irin abẹ́lẹ̀ títí, mi ò rí i, ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ ló rẹ́rìn-ín tó sì sọ fún mi pé ibi tí Bromley-by-Bow wà ni wọ́n kọ Walford East sí nínú eré, àti pé Albert Square gan-an, ojúde tí wọ́n ń gbé nínú eré, ò sí ní ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù rárá, Borehamwood ló wà, inú ọgbà tí wọ́n ti ń ya fíìmù. Ó dùn mí díẹ̀.

Ibi tí èmi àti màmá ti kọ́kọ́ jà ni ọ̀rọ̀ Den àti Angie. Àwọn ló ń bójú tó Queen Vic, ilé ọtí àdúgbò, láyé ìgbà yẹn. Angie parọ́ fún ọkọ ẹ̀ pé dókítà ní oṣù mẹ́fà ló kù fóun láyé, kó má baà fòun sílẹ̀ lọ bá àlè. Ọtí pa á nínú ọkọ̀ ojú irin, ó tú àṣírí ara ẹ̀, Den gbọ́, kò wí nǹkan kan, ó gbé e mì títí di Kérésì 1986, ló bá fa ìwé ìkọ̀sílẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ọjọ́ Kérésì o! Àwọn tó wò ó lọ́jọ́ náà lé ní mílíọ̀nù 30. Màmá ní Angie ò jẹ̀bi, obìnrin tí ọkọ ẹ̀ ń yan àlè lójú ẹ̀, kí ló fẹ́ ṣe? Èmi ní rárá, èèyàn kì í fẹnu ara ẹ̀ pe ikú. Nílé wa, bó o bá parọ́ orí fífọ́ torí kó o má baà lọ pọnmi, màmá àgbà á ní "yóò fọ́ ẹ dáadáa ṣá", kó tó dalẹ́ o ti ń wá panadol. Mo gbìyànjú kí n ṣàlàyé ìyẹn lédè Gẹ̀ẹ́sì, mi ò ríbi gbé e gbà. Wọ́n ní ó jọ pé mi ò tíì fẹ́ ọkọ burúkú rí ni. Mo dákẹ́. Ọkọ mi ń dín dòdò nílé lákòókò yẹn, kí n má purọ́ mọ́ ọn.

Àmọ́ ohun tó ń bí mi nínú sí àwọn tó ń kọ ọ́ ni òkú tí kì í kú. Den yìí kan náà, 1989 ni wọ́n yìnbọn fún un lẹ́bàá omi, ẹni tó yìn ín fi òdòdó bo ìbọn mọ́lẹ̀, wọ́n sunkún ẹ̀ tán, ilé ọtí ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Ó di 2003, ó rọra wọlé, ó kí Sharon ọmọ ẹ̀ bí ẹni pé ọjà ló ti ń bọ̀. Nígbà tí màmá sọ èyí fún mi, mo pariwo pé àkúdàáyà! Wọ́n ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ti kú lè wà ní ìlú mìíì tó ń ta iṣu, tó tún fẹ́yàwó níbẹ̀, ọjọ́ tí ará ilé ẹ̀ bá ṣèèṣì kò ó lọ́nà ni yóò pòórá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ikọ́ mú wọn. Wọ́n ní nígbà náà, a jẹ́ pé Walford kún fún wọn, torí Kathy náà, 2006 ni ìròyìn dé pé ó kú sí South Africa, 2015 ó tún yọ lójijì. Látọjọ́ náà, bẹ́nì kan bá ti kú nínú eré yẹn báyìí, màmá á bojú wo ẹ̀yìn, wọ́n á ní "akudáyà?" Bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn, bí orúkọ mọ́tò àwọn Japan.

Den ṣá tún kú lẹ́ẹ̀kejì ní 2005. Chrissie ìyàwó ẹ̀ fi irin tó rí bí ajá, tí wọ́n fi ń dá ilẹ̀kùn dúró, gbá a lórí, wọ́n sì sin ín sábẹ́ ilé ọtí yẹn kan náà. Ìyẹn ò dìde mọ́.

Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ inú ilé ni eré yẹn mọ̀ ọ́n ṣe, kì í ṣe òkú jọ lórí òkú. Ẹ wá Dot wò, ìyá tó máa ń mu sìgá nígbà ayé ẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìfọṣọ, tó sì mọ Bíbélì lórí. Ní 2008, òun nìkan ló wà nínú odidi apá kan, ó jókòó, ó ń sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ fún Jim ọkọ ẹ̀ tí rọpárọsẹ̀ mú. Kò sí ìjà, kò sẹ́ni tó já bọ́ láti orí òrùlé. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti wò ó lórí fóònù, mo kọjá ibi tí mo ń lọ. Ẹ wá fi Kérésì 2023 wé e: láti Fẹ́búárì ni wọ́n ti fi hàn wá pé òkú kan máa wà nílẹ̀ tí obìnrin mẹ́fà máa yí ká, a wá ń dúró fún oṣù mẹ́wàá, àṣé Keanu ni, Linda ló fi irin tí wọ́n fi ń wo bí ẹran ṣe jinná tó gún un. Ó dùn ún wò o, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó pààyàn lánàá wá ń fa bíà fún oníbàárà lọ́la, ẹ sọ fún mi, ojú wo ni kí n fi wò ó?

Èyí tí mi ò lè dárí ẹ̀ jì wọ́n ni ti ọmọ tí wọ́n pààrọ̀ lọ́jọ́ ọdún tuntun, 2010 wọ 2011. Ọmọ Ronnie kú sórí ibùsùn, ló bá lọ gbé ọmọ Kat, ó fi òkú tiẹ̀ dípò. Kí lẹ ń wí? Obìnrin tọ́mọ kú mọ́ lọ́wọ́, ẹ tún sọ ọ́ di olè. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló kọ̀wé sí BBC, wọ́n sì tètè fòpin sí ìtàn náà. Mo bi màmá pé kí ni wọ́n rí sí i, wọ́n ní àwọn ò wo EastEnders fún oṣù mẹ́rin lọ́dún náà, wọ́n bá yí ọ̀rọ̀ padà sórí òjò. Èmi ni mò ń nu àwọn fọ́tò orí pẹpẹ wọn. Gbogbo ọmọ ló ní fọ́tò ìgbéyàwó, fọ́tò ọmọ-ọmọ. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé ìkókó ni, kò ní ìkejì.

Ọ̀rọ̀ mi ti fẹ́ parí. Fẹ́búárì ọdún 2025 ni eré náà pé 40 ọdún, wọ́n ṣe é láàyè láìtọ́jú ẹ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Iná àti èéfín gba Queen Vic, irin àjà ńlá wó lé Martin lẹ́sẹ̀, Martin tí wọ́n bí sínú eré yẹn ní 1985, màmá ń sọ pé àwọn mọ̀ ọ́n látinú oyún. Stacey, ìyàwó ẹ̀ àtijọ́, di ọwọ́ ẹ̀ mú. Wọ́n wá fẹ́ gbé irin náà kúrò. Ẹ gbọ́, wọ́n ti kọ́ wa níbi iṣẹ́ pé ohun tó bá ti tẹ èèyàn lẹ́sẹ̀ pẹ́, wọn kì í ṣàdédé gbé e kúrò, májèlé tó ti gbá jọ síbẹ̀ á sáré bá ọkàn. Mi ò mọ̀gbà tí mo fi dìde tòun ti ìbọ̀sẹ̀ lọ́wọ́, mo dí tẹlifíṣọ̀n pátápátá, mo ń pariwo pé ẹ má gbé e! ẹ má gbé e! Ní Yorùbá o. Màmá ò lé mi kúrò níbẹ̀. Wọ́n gbé e, ó sì kú.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí màmá tó béèrè pé "akudáyà?"

Mo ní rárá, mà, èyí kú tán. Wọ́n ní kí n pa tẹlifíṣọ̀n.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Leeds:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Èmi kì í wò ó o, ìyàwó mi ló ń wò ó, mo kàn máa ń jókòó tì í ni. Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ọjọ́ tí eré náà fi ẹni tó yìnbọn fún Phil Mitchell hàn, April 2001. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí, ibi tí wọ́n ti ń dín ẹja àti ọ̀dùnkún ni mo ń ṣiṣẹ́. Liverpool àti Barcelona fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, mo gbọ́ pé wọ́n ti sún un sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú 15 torí EastEnders. Mo ní orílẹ̀-èdè wo ni mo wá yìí? Kò sí oníbàárà kan ṣoṣo, epo ń hó lásán. Ìgbà tó yá gbogbo wọn wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo, Lisa ni, Lisa ni! Mo rò pé Lisa kan lójú pópó ló ṣe nǹkan. Phil yẹn náà ló wá jókòó ní 2025 tó ń sunkún pé ọpọlọ òun ò gbé e mọ́, tí wọ́n fi gbé e lọ ọsibítù. Ọkùnrin tó jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ́ ló fi ń sọ̀rọ̀. Mo ti pé ogún ọdún nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, mi ò tíì gbọ́ kí ọkùnrin kan sọ irú ẹ̀ lẹ́nu.

Aládùúgbò Peckham:
Ẹnikẹ́ni rántí ìdílé Olúbùnmi? 2010 ni Mercy àti ìyá àgbà ẹ̀ wọlé, mo pe gbogbo ilé jọ, a fẹ́rẹ̀ẹ́ se ìrẹsì. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kó wọn jáde. Àwọn Mitchell á jó ilé ọtí, á pààyàn, á lọ ẹ̀wọ̀n, wọ́n á padà wá. Olúbùnmi ò ṣe nǹkan kan, wọ́n ní kó máa lọ 😩

Sisí Woolwich:
Tèmi ò pọ̀. 2001, Kat àti Zoe, tí Zoe rò pé ẹ̀gbọ́n òun ni Kat. Zoe fẹ́ bá arákùnrin bàbá wọn lọ sí Spain, Kat ní kò ní lọ, Zoe ní ìwọ kọ́ ni ìyá mi, Kat ní èmi ni. Inú yàrá tí àwa mẹ́rin jọ ń gbé la ti ń wò ó, àwọn yòókù ń pariwo, èmi dìde lọ sí bálùwẹ̀. Torí ọwọ́ ìyá ìyá mi ni mo dàgbà sí, ẹni kan sì wà tí mò ń pè ní Àǹtí, tó máa ń ra bàtà wá lọ́dún Àjíǹde, ọmọ ọdún 14 ni mí kí n tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì pé òun ló bí mi. A ò jíròrò ẹ̀ rí. Kì í ṣe irú nǹkan tó ṣe Kat, tí arákùnrin bàbá yẹn fipá bá lò nígbà tó wà lọ́mọdé, ló ṣe wọ́n o, wọ́n kàn kéré ni, ilé ìwé sì wà níwájú wọn. Lọ́jọ́ kejì mo ra káàdì tá a fi ń pe ilé, pọ́n-ùn márùn-ún, mo pè wọ́n. Mo fẹ́ sọ pé "Màámi". Wọ́n gbé e, wọ́n ní "hẹ́lò, ta nìyẹn?" mo ní "Àǹtí, èmi ni." Owó káàdì tán lórí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́.

Títí dòní, Àǹtí ni.

Ẹni tó kọ ìtàn àkọ́kọ́:
Sisí mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Mo ti wà nínú bọ́ọ̀sì, aago méje kọjá, mo ń lọ sọ́dọ̀ màmá. Tí mo bá jáde níbẹ̀ màá kọ̀wé sí yín níkọ̀kọ̀.