Àwo tuntun ń ha lórí jukebox àtijọ́

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Jukebox mono kan (ẹ̀rọ tí wọ́n ń sọ owó sí kó lè kọ orin, tí ohùn rẹ̀ ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo) wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ti ayé 1950 sí 1959. Àwo 45 àtijọ́ (àwo kékeré tó ń yí nígbà 45 ní ìṣẹ́jú kan) ń dún geere lórí ẹ̀, àmọ́ àwo stereo tuntun, tí ohùn rẹ̀ pín sí ọ̀tún àti òsì, ń ha, gbogbo "s" ń fọ́ létí. Kí ni ṣíṣe?

Ìdáhùn 1: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ yọ àwo yẹn ná. Abẹ́rẹ́ mono àtijọ́ ò mọ̀ ju kó mì sọ́tùn-ún sósì lọ. Ìlà àwo stereo ń gbé e sókè sódò pẹ̀lú. Nígbà tí kò lè tẹ̀ lé e, ńṣe ló ń gbẹ́ àwo jẹ. Ẹ wá orí stereo (ibi tí abẹ́rẹ́ ń wà), ẹ so wáyà ọ̀tún àti tòsì pọ̀, kí ẹ fi òṣùwọ̀n àwọn oníwúrà wọn bó ṣe ń tẹ àwo: gíráàmù 3 sí 4. Tó bá fúyẹ́ jù, á máa fò.

Ìdáhùn 2: Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ. Àmọ́ bí orí ti tẹ́lẹ̀ bá jẹ́ ceramic (irú tí ohùn rẹ̀ máa ń lágbára fúnra rẹ̀), tí tuntun sì jẹ́ oní-mágínẹ́ẹ̀tì, ẹ fi preamp RIAA (ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé ohùn abẹ́rẹ́ ga, tó sì ń tún un ṣe) sáàárín, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ohùn á tín-ín-rín bíi ti ẹ̀fọn. Ihò àárín àwo ńkọ́? Mìlímítà 38 ni jukebox fẹ́. Ẹni tó bá lu ihò kékeré gbòòrò, tí kò bọ́ sáàárín gan-an, orin á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí.

Ìdáhùn 3: Ẹ yẹ ẹnu abẹ́rẹ́ wò pẹ̀lú. Lásìkò ọyẹ́, eruku máa ń dì síbẹ̀ bí òwú. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kẹ́ ẹ lò, láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ẹ má gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ o.