Kólékólé ká páànù ṣọ́ọ̀bù mi, gbéwiri tún wọ̀ ọ́ lọ́sàn-án, ṣé kì í ṣe olè kan náà ni?

IyaIbeji_Mushin:
Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ bèèrè nǹkan, ẹ má bú mi. Aṣọ ni mò ń tà l'Ójúwòyè, ànkàrá àti léèsì díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn mo dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, ilẹ̀kùn wà bí mo ṣe tì í, agádágodo ò já, àfi bí mo ṣe wọlé tí mo rí oòrùn nínú ṣọ́ọ̀bù, mo gbójú sókè, wọ́n ti ká páànù, búńdù ànkàrá mọ́kànlá ti lọ. Kí n tó nu ojú tán, ìyá kan àtàwọn ọmọge méjì tún wá lọ́jọ́ Sátidé, "ẹ bá wa sọ tòkè yẹn kalẹ̀, ẹ tú u ká rí i, rárá o, èyí tó wà lẹ́yìn ẹ", ìgbà tí wọ́n fi máa ní àwọn ń lọ, léèsì kan ti wà lábẹ́ ìró ìyá yẹn. Ọmọ iṣẹ́ mi ló sọ pé àǹtí, ìyá yìí ò lóyún nígbà tó wọlé o. A mú wọn, àwọn ará ọjà ti ń wá táyà, èmi ni mo ń bẹ̀ wọ́n.

Ní tésàn, ohun tí wọ́n kọ fún ti páànù yàtọ̀ sí ti léèsì, ọlọ́pàá ní ti páànù le jù. Mo ní báwo, ṣèbí olè ni gbogbo wọn? Ó wò mí bí ẹni tí ò lọ síléèwé.

Omo_Idumota:
Olè lolè ń jẹ́ jàre. Táyà yẹn ló tọ́ sí wọn, ẹ ṣì máa tún rí wọn.

Loya_Yaba:
@Omo_Idumota, ẹni tó bá dáná sun olè, ẹjọ́ apànìyàn ló máa jẹ́, kì í ṣe ti olè mọ́.

Ìyá Ìbejì, ẹ wò ó ma, Yorùbá gan-an ò pe gbogbo wọn lórúkọ kan. Kólékólé yàtọ̀ sí gbéwiri, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó máa rí adigunjalè tó máa pè é ní jáwójáwó. Òfin náà ń wo báwo lolè ṣe wọlé, ibo ló wọ̀, ìgbà wo, ṣé ó ṣe èèyàn léṣe.

Ìyá onílèésì yẹn, ẹ̀yin lẹ ní kó wọlé, torí náà olè jíjà lásán ni, section 287 nínú òfin ọ̀daràn Èkó ti 2015, ẹ̀wọ̀n ọdún 3. Tó bá ní òun ò tíì jáde, òun ṣì fẹ́ sanwó, ẹ má dá a lóhùn. Téèyàn bá ti mú nǹkan kúrò nípò ẹ̀ pẹ̀lú èrò àtijí i, ó ti jalè nìyẹn, kò dìgbà tó bá dé bọ́sítọ́ọ̀pù. Èrò yẹn ló máa ń ṣòroó fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ní kọ́ọ̀tù, ṣùgbọ́n ta ló ń gbé ọjà tó fẹ́ sanwó ẹ̀ sábẹ́ ìró?

Ti páànù, ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fọ́ tí wọ́n tún jalè níbẹ̀. Nínú Criminal Code, òfin ọ̀daràn tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù ń lò, tó yàtọ̀ sí ti Èkó tí mo kọ́kọ́ dárúkọ, ọdún 14 nìyẹn. Ká ní ilé téèyàn ń gbé ni, tó sì jẹ́ lóru, ó lè di ẹ̀wọ̀n gbére. Òru yẹn ní aago tiẹ̀ o, 6:30 ìrọ̀lẹ́ sí 6:30 àárọ̀. Fífọ́ náà, kò dìgbà tí nǹkan bá fọ́: ẹni tó ti ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ pa dé láìfi kọ́kọ́rọ́ sí i, tó sì wọlé, ó ti fọ́lé, kódà ẹni tó parọ́ pé òun wá ka mítà tẹ́ ẹ fi ṣílẹ̀kùn fún un. (Fífọ́lé lóru yìí lòyìnbó ń pè ní burglary, àwa sì rèé, irin ojú fèrèsé là ń pè ní bọ́gílárì.)

Alaso_Balogun:
Ẹ pẹ̀lẹ́ ma. Àwọn tó ń wá ní mẹ́ta mẹ́ta yẹn, mo ti mọ̀ wọ́n, ọ̀kan á máa ná ọjà, ọ̀kan á dúró síwájú yín kẹ́ ẹ má ríran, ẹ̀kẹta lolè. Èmi ò kì í tú ju aṣọ méjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà mọ́, ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú. Ṣùgbọ́n búńdù mọ́kànlá, ẹnì kan ló ń tà á báyìí ma. Ẹ yí ọjà ká. Ẹni gbépo lájà ò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Loya_Yaba:
Òfin gan-an gbà pẹ̀lú yín o ẹ̀gbọ́n. Olè lásán, ọdún 3, ẹni tó ra ẹrù olè tó sì mọ̀ pé ẹrù olè ni, ọdún 14.

IyaIbeji_Mushin:
Ha! Mo padà dé o. Mo rí méjì nínú ànkàrá mi lẹ́yìn ọjà níbí, lọ́wọ́ obìnrin kan, mo mọ̀ ọ́n torí mo máa ń fi báírò fàlà sí etí aṣọ mi. Ó ní ọmọkùnrin kan ló tà á fóun, owó tó dá lé e ò tó ìdajì iye tí mo fi rà á. Ṣé kí n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ni?

Loya_Yaba:
Ẹ má fọwọ́ kàn án ma. Ẹ fi fóònù ya àlà yẹn, ẹ wá rìsíìtì tẹ́ ẹ fi ra ọjà jáde, kẹ́ ẹ padà sí tésàn kí wọ́n tẹ̀lé yín lọ. Iye tó rà á yẹn, ẹ rí i pé wọ́n kọ ọ́ sínú sítétímẹ́ǹtì.