Báwo ni mo ṣe lè darí ẹgbẹ́ ìrìn fún àwọn ìyá tí oríkèé ń ro?

Àbẹ̀ní Òkè-Àdó:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Ìyá mi ti pé ẹni ọdún 68, orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì ti ń ro ó láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí dókítà sọ fún un pé ìrìn rírìn wà lára ohun tí yóò ràn án lọ́wọ́, èmi ni mo ní kò gbọdọ̀ dá rìn, mo sì kó àwọn ìyá mìíràn tí làkúrègbé ń bá jà ládùúgbò wa jọ. Àwa 14 ni a jọ bẹ̀rẹ̀ ní pápá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, ní aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, inú wa dùn débi pé a kúrò ní pápá, a gba ojú títì. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ̀ pé ènìyàn kò lè rìn jìnnà níbẹ̀ kó má gun òkè, kó má sì sọ̀. Èmi ni mo wà níwájú, n kò sì bojú wẹ̀yìn tó bó ṣe yẹ. Nígbà tí a fi máa padà, ìyá kan ti jókòó sórí pèpéle ṣọ́ọ̀bù, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún rẹ̀ mú, ó ń sọ pé kò sí nǹkan kan. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, orúnkún yẹn wú. Láti ìgbà náà, àwọn márùn-ún kò wá mọ́, ọkàn mi kò sì balẹ̀, nítorí ọwọ́ mi ni wọ́n fi ara wọn lé.

Ṣé ó tilẹ̀ tọ́ kí ẹni tí orúnkún ń ro máa rìn? Báwo ni mo ṣe lè dá ìrora tí a lè fara dà mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó yẹ kí a tìtorí rẹ̀ dúró? Báwo sì ni a ṣe ń darí àwọn tí agbára wọn kò dọ́gba, tí ẹnikẹ́ni kò fi níí rò pé òun ń fa àwọn yòókù sẹ́yìn?

Oníṣẹ́ Físíò:

Ẹ kú iṣẹ́ ìfẹ́, Àbẹ̀ní. Iṣẹ́ físíò, ìyẹn fífi ìdárayá àti ìfọwọ́ra tọ́jú iṣan àti oríkèé, ni mo ń ṣe, ìbéèrè yín àkọ́kọ́ sì ni àwọn aláìsàn máa ń bi mí jù. Ó tọ́ kí wọ́n rìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka orúnkún sí táyà ọkọ̀ tí ń jẹ bí a bá ṣe ń lò ó sí, ṣùgbọ́n ohun rírọ̀ tó bo orí egungun níbi tí egungun méjì ti pàdé kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, inú omi oríkèé ló ti ń rí oúnjẹ jẹ. Ẹ wo kànìnkànìn tí ẹ fi ń fọ abọ́: bí ẹ bá fún un, omi á jáde, bí ẹ bá dẹwọ́, á tún fa omi mu. Ohun tí ìṣísẹ̀ ń ṣe fún orúnkún nìyẹn. Ìrìn tún máa ń mú kí iṣan itan le, iṣan itan tó bá le a sì máa bá orúnkún gbé ẹrù.

Lójú tèmi, òkè yẹn àti ìyára ló kó bá ìyá náà. Ẹrù tó ń bọ́ sórí orúnkún nígbà tí ènìyàn bá ń sọ̀ kalẹ̀ pọ̀ ju ti ilẹ̀ títẹ́jú lọ. Ẹ padà sí pápá yín.

Ní ti ìrora, ìlànà kan wà tí àwa oníṣẹ́ yìí máa ń tẹ̀ lé. Bí wákàtí méjì bá ti kọjá lẹ́yìn ìrìn, tí orúnkún sì ń ro ju bó ṣe ń ro kí a tó jáde lọ, a ti ṣe é jù. Ní ọjọ́ tó kàn, kí a dín in kù, kí a má pa á tì. Ṣùgbọ́n bí ìrora bá gún ènìyàn lójijì, bí orúnkún bá yẹ̀ tàbí tí ó há, bí àyà bá ń dun ẹnì kan tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, kí ó dúró lójú ẹsẹ̀. Orúnkún tó wú tó sì gbóná nílò ìsinmi àti dókítà. Ẹ tún máa bi wọ́n bí ara wọn ṣe ń pẹ́ tó kí ó tó tú láàárọ̀. Ti orúnkún tó ti gbó kì í sábà ju ìdajì wákàtí lọ. Bí ti ẹnì kan bá ń lé ní wákàtí kan, tí àwọn oríkèé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wú, ó lè jẹ́ àrùn mìíràn, nínú èyí tí ara fúnra rẹ̀ ń gbógun ti oríkèé. Ìyẹn ní oògùn tirẹ̀, kò sì yẹ kí a fi falẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Houston:

Àbúrò mi, mo ń darí irú ẹgbẹ́ yìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níhìn-ín, ètò tí Arthritis Foundation, àjọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó wà fún àwọn tí oríkèé ń ro, ń pè ní Walk With Ease ni mo sì fi kọ́ṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀: a óò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀, a óò fi ìrìn jẹ́jẹ́ mú ara gbóná, a óò na iṣan, a óò rìn, a óò sì tún dẹ ẹsẹ̀ kí a tó tú ká. Ní ọdún 2011, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì North Carolina gbé èsì jáde lórí àwọn tó ṣe ètò náà. Ìrora àti àárẹ̀ wọn dín kù, títí kan àwọn tó dá a ṣe.

Ìbéèrè yín kẹta ni mo fẹ́ dáhùn jù. Àwa kì í ka ọ̀nà, aago ni à ń wò. Gbogbo wa á gbéra láti ojú kan náà, kálukú á máa rìn bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣe gbà. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún bá pé, n ó fun fèrè, oníkálukú á sì yí padà níbi tó bá dé. Ẹni tó yára ti lọ jìnnà, ẹni tó ń rọra bọ̀ kò jìnnà sí ilé, nítorí náà ẹni tó wà lẹ́yìn ni yóò wá máa ṣíwájú, ìgbà kan náà ni a ó sì jọ dé. Ìyá kan wà láàárín wa tó máa ń tọrọ gáfárà pé òun ń dá wa dúró. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fun fèrè yẹn, ó bojú wẹ̀yìn, ó rí gbogbo wa tí a ń tẹ̀ lé e, ó tún ìborùn rẹ̀ gbé sí èjìká, ó sì ń lọ. Kò tọrọ gáfárà mọ́.

Ẹ wá ẹnì kejì tí yóò máa wà lẹ́yìn pátápátá. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa fi méjì tàbí mẹ́ta kún un lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń mí hẹlẹ tí kò lè bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀, kó dẹ ẹsẹ̀.

Àbẹ̀ní Òkè-Àdó:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wọ̀nyí máa ń lo oògùn ara ríro kí ó tó jáde, kí ó má baà gbọ́ ìrora. Ṣé kò léwu?

Bàbá Abẹ́òkúta:

Ọmọ mi, ó léwu, mo ti ṣe é rí. Diclofenac ni mo máa ń lò láràárọ̀, láìjẹun, tí n ó sì rìn bí ọ̀dọ́. Nígbà tó yá, ìgbẹ́ mi dúdú bí ọ̀dà. Ìgbà tí mo dé ilé ìwòsàn ni mo mọ̀ pé inú mi ti ń ṣẹ̀jẹ̀. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ tún máa ń ti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Kí ìyá náà fi han dókítà. Bó bá sì ti pa ìrora mọ́lẹ̀ kó tó jáde, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé òun ti ṣe é jù?

Ní tèmi, aṣọ tí mo rì bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo fi ń lé orúnkún kí n tó jáde. Bí ọyẹ́ bá mú, aago mẹ́jọ ni mo ń jáde, kí oòrùn ti là. Ọ̀pá mi kì í sí lọ́wọ́ tó wà ní ìhà orúnkún tó ń ro, ọwọ́ kejì ni mo fi ń dì í mú. Sọ fún wọn kí wọ́n fi sílípáàsì sílé, kí wọ́n wọ kánfáàsì tó ní okùn. Òpó iná kẹta ni mo ń dé nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Mo ti ń dé ìkọkànlá báyìí.

Àbẹ̀ní Òkè-Àdó:

Ẹ ṣeun, bàbá mi. Lánàá, mo lọ kí ìyá tí orúnkún rẹ̀ wú, mo sì tọrọ àforíjì. Wíwú náà ti lọ, dókítà sì ti rí i. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń di ọ̀pá mú, orúnkún ọ̀tún ló sì ń ro ó. A jọ pààrọ̀ rẹ̀ sí òsì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó sì tún padà. Ó ní òun ń bọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ti ra fèrè.